Kí Là Ń Fọ̀ Nínú Ẹ̀jẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Oògùn Tó Gbòdì àti Awọ Ara Tó Ń Bó

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn ní Sèmè-Kpodji

          

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ọ̀rọ̀ ìlera pọ̀ bí iyanrìn etí òkun Djeffa, bí mo bá sì ní kí n kó gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí ẹ máa mú délé. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Òun nìyí: nígbà tí oògùn bá gbòdì lára ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí awọ ara rẹ̀ ń bó, tí a wá ní ká fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí gan-an là ń fọ̀?

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdáhùn mi nísinsìnyí, kí ẹ lè máa wá ìdí rẹ̀ bí mo ti ń lọ. Ohun tí à ń fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn tó dá ìjà sílẹ̀ àti ohun ìjà tí ara fi ń jà. Ìfọ̀ àkọ́kọ́ ni kí a dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ tí àmì kọ́kọ́ yọ. Ẹ̀rọ lè ran ìfọ̀ yẹn lọ́wọ́. Kò lè rọ́pò rẹ̀.

1. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ

Ọdún 29 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí awọ ara tó bó lọ́nà oríṣiríṣi. Àmọ́ ẹnìkan ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ òní. Ẹ̀kọ ló ń tà nítòsí bọ́dà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni n óò máa pè é.

Bó bá ń tọ̀, ó ń ta á. Ó ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé igbá oògùn kiri, èyí tí wọ́n ń gé tà ní méjì-méjì, mẹ́rin-mẹ́rin. Ara tù ú. Ó ń lò ó lọ, kí àrùn náà má baà padà. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, ibà dé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni tó wà nídìí èéfín, ètè àti ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún. Ó kà á sí ibà lásán. Ta ni kò ní kà á sí ibà níbí? Lọ́jọ́ kejì, àmì yọ sí àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúdú láàárín, ó pọ́n létí, ó sì ń ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata yí lára. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ní èéyi ni, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, mo di apá rẹ̀ mú kí n lè gbé e jókòó. Awọ apá náà tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ó yọ́ kúrò bí awọ tòmátì tí a da omi gbígbóná lé, abẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń sun omi. Ìró tó ró ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ pọ̀, ètè rẹ̀ ti di èépá ẹ̀jẹ̀, itọ́ kò ṣe é gbé mì. Síbẹ̀ ó ń bi mí, ní ohùn tí mo ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó gbọ́, pé ta ló wà nídìí ẹ̀kọ òun.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú ìgò agbo kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ìyàwó àwọn ló dọ̀tí, agbo yìí sì ń fọ ẹ̀jẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìyàwó ń lò. Wọ́n tú etí ìró rẹ̀, a sì bá káàdì oògùn níbẹ̀, tí sísọ́ọ̀sì ti gé débi pé lẹ́tà tó kù lára rẹ̀ kò ju OXAZOLE lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí pé kò lè gbé e mì, wọ́n ti fi ìfẹ́ lọ méjì mọ́ omi fún un.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ọwọ́ kan gbé ohun tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wá, ọwọ́ kejì ṣì ń da ohun tó ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ sí i. Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀.

2. Kí ni à ń pè ní gbòdì?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó ṣe Ìyá Ẹlẹ́kọ mu. A ní oògùn gbòdì lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ohun mẹ́ta là ń fi í pè, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó lo oògùn ju ìwọ̀n lọ, a ní ó gbòdì. Ẹni tó ra ayédèrú, a ní ó gbòdì. Ẹni tó lo oògùn gidi, ní ìwọ̀n tó yẹ, fún àìsàn tó yẹ, tí ara rẹ̀ sì kọ̀ ọ́, a tún ní ó gbòdì. Ẹ̀kẹta yìí ni mò ń sọ. Ẹni tó bá rò pé ayédèrú nìkan ló ń bó ènìyàn láwọ yóò fọkàn balẹ̀ pé fámásì lòun ti ra tòun, kò sì ní fura nígbà tó yẹ kó fura.

Báwo ni ara ṣe ń kọ oògùn? Ara ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, tó ń yẹ ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wò bí àwọn aṣọ́bodè wa ní bọ́dà Kraké ti ń yẹ ìwé wò. Nínú ara àwọn kan, oògùn lè lẹ̀ mọ́ àmì ìdánimọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àwọn ọmọ ogun kò wá mọ onílé mọ́. Wọ́n kà á sí àjèjì, wọ́n sì yọ ohun ìjà sí i. Èyí tó burú jù nínú ohun ìjà náà ni èròjà kan tó ń jẹ́ granulysin. Àwọn onímọ̀ ní Taiwan ló fi hàn ní 2008 pé òun ló kún inú omi ìléròrò àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Bó bá ti pa sẹ́ẹ̀lì òkè awọ, awọ á ṣí kúrò lórí ẹran.

Àrùn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1922, dókítà ọmọdé méjì ní New York, Stevens àti Johnson, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin méjì tí ibà mú, tí ẹnu àti ojú wọn sì bó. Ní 1956, Alan Lyell, dókítà awọ ara tó ṣiṣẹ́ ní Skọ́tílándì, ṣàpèjúwe aláìsàn mẹ́rin tí awọ wọn ṣí bí ti ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà wa tó fi Faransé kàwé fi ń pe èyí tó le jù ní Lyell. Ohun tí wọ́n fi ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni bí awọ tó ṣí ṣe pọ̀ tó. Àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìka, jẹ́ 1 nínú 100 gbogbo awọ ara rẹ̀. Bí èyí tó ṣí kò bá tó 10, Stevens-Johnson ni. Bó bá ju 30 lọ, Lyell ni. Àárín méjèèjì ni ti Ìyá Ẹlẹ́kọ: mo fojú wọ̀n ọ́n, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rìnlá. Nínú ẹni 100 tí Stevens-Johnson bá mú, bí 5 sí 10 ló ń kú. Ti Lyell, 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn oògùn tó ń fà á jù ṣe é kà lórí ìka. Ìdílé súlífà ń ṣáájú, níbi tí cotrimoxazole wà, èyí tí gbogbo yín mọ̀ sí Bactrim. Oògùn wárápá tẹ̀ lé e: carbamazepine, phenytoin, phenobarbital, lamotrigine. Allopurinol wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Piroxicam àti meloxicam wà níbẹ̀, oògùn ara ríro. Nevirapine náà wà níbẹ̀, tí a lò fún ọ̀pọ̀ ọdún fún àwọn tó ní HIV. Àwọn dókítà awọ ara ní Lomé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé súlífà ló ń ṣáájú, pé nevirapine sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ 4 sí 28 tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mú iye ọjọ́ yẹn dání. Ẹni tó ti lo oògùn kan fún ọdún mẹ́ta láìsí nǹkan, òun kọ́ là ń wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jáde níbí lọ da oògùn wárápá ọmọ yín nù. Aboyún tí agbẹ̀bí bá fún ní oògùn ibà, kó lò ó. Gbòdì irú èyí ṣọ̀wọ́n: nínú mílíọ̀nù kan ènìyàn, kì í ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ lọ́dún. Àwọn tó ní HIV ló wà nínú ewu jù, nǹkan bí ìlọ́po 100 ti ẹlòmíràn. Ẹni tí wárápá bá gbé ṣubú sínú iná ti pọ̀ lójú mi ju ẹni tí oògùn wárápá bó láwọ lọ. Àmì tó yẹ ká mọ̀ ni mò ń wá. N kò fẹ́ dẹ́rù bani.

3. Kí ni à ń pè ní fífọ ẹ̀jẹ̀?

Ẹnu wa kò kọ fífọ ẹ̀jẹ̀ rárá. Bí ara ọmọ bá ń yọ kúrúkúrú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí. Bí ojú àgbà bá ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́ fífọ̀. Nínú ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Kútọnu, kí ọkọ̀ tó dé afárá, ẹnìkan á ti dìde pẹ̀lú ìgò tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, tó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, tó sì ń fún okùnrin lágbára, owó rẹ̀ kò sì ju ti oúnjẹ ọ̀sán lọ. N kò bá àwọn bàbá wa oníṣègùn jà. Wọ́n wà nínú gbọ̀ngán yìí, mo sì ti gbọ́ ọgbọ́n lẹ́nu wọn. Ìbéèrè mi sí gbogbo ẹni tó bá ní òun ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni pé: kí lò ń yọ kúrò, ibo ló sì ń gbà jáde?

Ọlọ́run ti fún wa ní afọ̀jẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni ta agbo. Kídìnrín méjèèjì ń gba nǹkan bíi lítà kan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọkàn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ kó lè ṣe é dà nù. Nígbà tí a bá ní wọ́n ń fọ kídìnrín ẹnìkan ní ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ náà sọ: kídìnrín ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ dípò rẹ̀. Willem Kolff, dókítà ará Họ́lándì, ló ṣe ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà ogun Hitler, ní 1943, ní ìlú Kampen, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì tó wé mọ́ ìlù onígi. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí obìnrin kan tó yè ní 1945. Ní Kútọnu lónìí, ní ilé ìwòsàn ńlá tí a fi orúkọ Hubert Koutoukou Maga pè, irú ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kídìnrín wọn ti kú.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe ògì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó gbè mí lẹ́sẹ̀ níbí. Bí asẹ́ bá há jù, omi nìkan ló ń jò, ògì kò ní jáde. Bó bá fẹ̀ jù, èérí á tẹ̀ lé ògì. Asẹ́ ẹ̀rọ kídìnrín há: iyọ̀ àti ìdọ̀tí kéékèèké ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Oògùn tó ti so mọ́ èròjà ńlá inú ẹ̀jẹ̀ kò lè kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú carbamazepine àti súlífà ṣe máa ń so. Nítorí náà, wọ́n wá asẹ́ tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń dá wóró pupa àti wóró funfun inú ẹ̀jẹ̀ dúró, tó sì ń jẹ́ kí gbogbo omi ẹ̀jẹ̀ jò kúrò pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ ẹran tó dúró nínú abọ́, ẹ mọ omi aláwọ̀ ìyeyè tó ń là sókè rẹ̀. Ohun tó jọ ọ́ ni mò ń pè ní omi ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń da àtijọ́ nù, wọ́n ń fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń dá wóró ẹ̀jẹ̀ padà sára oníǹkan. John Jacob Abel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló fún iṣẹ́ yìí lórúkọ ní 1914, tí wọ́n pè é ní plasmapheresis. Ajá ni wọ́n fi dán an wò. Ọ̀nà kejì wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń gba inú èédú tàbí wóró ike kọjá, kí májèlé lè lẹ̀ mọ́ ọn, bí a ṣe ń ju èédú sínú ìkòkò omi tó ń rùn. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà ti ń lo irú ìfọ̀ yìí fún ẹni tí oògùn bó láwọ.

4. Inú táǹkì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀

Mo padà sí ìbéèrè wa. Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ tó yẹ ká fọ̀? Oògùn náà wà níbẹ̀. Ohun ìjà wà níbẹ̀, granulysin àti àwọn ońṣẹ́ tó ń pe ìjà jọ. Àwọn ọmọ ogun fúnra wọn wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ ń kó oògùn àti ohun ìjà. Àwọn ọmọ ogun, ó ń dá wọn padà sára, nítorí wóró ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì ti wọ inú awọ lọ níbi tí ẹ̀rọ kò lè dé. Níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá ṣì ń wọlé, wọn kò ní dẹ́kun àtirọ ohun ìjà tuntun.

Gbogbo wa níbí la mọ kpayo, epo fàyàwọ́. Bí epo búburú bá wọ inú ọ̀kadà, ẹ́ńjìnnì á máa kọ́. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ tú kàbúrétọ̀. Ó ń tú epo inú táǹkì dànù sínú kẹ́ẹ̀gì ná, ó ń gbọ́n ọn gbẹ, kó tó wá fọ kàbúrétọ̀. Ẹni tó fọ kàbúrétọ̀ tí epo burúkú ṣì wà lókè yóò padà wá lọ́la. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí ọ̀kadà tó dé: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ìṣirò wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2000, àwọn dókítà kan ní Faransé àti Spéènì tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí oògùn bó láwọ. Wọ́n rí i pé bí a bá tètè dá oògùn náà dúró, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a fi yá ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí 30 nínú 100. Ọjọ́ kan péré! N kò mọ abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀rọ kankan nínú àrùn yìí tí a lè fi iye bẹ́ẹ̀ ṣògo fún.

Ìwádìí kan náà sọ ohun mìíràn, n kò sì ní fi pamọ́. Àǹfààní yẹn hàn lára oògùn tó ń tètè jáde; kò hàn lára èyí tó ń pẹ́. Cotrimoxazole ń gba nǹkan bí wákàtí 10 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kídìnrín rẹ̀ dára. Láàárín ọjọ́ méjì, kídìnrín ti lé èyí tó pọ̀ jù lọ jáde. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, a ṣáà ti yéé dà á sí i ni. Phenobarbital ńkọ́? Ó ń gba bí ọjọ́ mẹ́rin kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pé ẹ̀rọ ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ, nítorí a ti ti ilẹ̀kùn, olè ṣì wà nínú ilé.

5. Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa

Ẹnìkan lè rò pé mo ń tàbùkù ẹ̀rọ nítorí pé a kò ní i lọ́pọ̀. Rárá. Bí mo bá ní agbára, n óò gbé e sí Àjàṣẹ́ lọ́la. Ní Jàpáànì, ètò adójútòfò ìlera wọn ń san owó rẹ̀ fún aláìsàn Lyell àti Stevens-Johnson, ó sì wà nínú ìlànà dókítà wọn fún ìgbà tí oògùn mìíràn kò bá ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà ti kọ nípa aláìsàn tí awọ rẹ̀ dẹ́kun bíbó láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ kejì tàbí ìkẹta. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ ìfọ̀ ẹ̀jẹ̀ jù ní Amẹ́ríkà fi Lyell sí ìpele kẹta nínú ìwé ìlànà wọn, ìyẹn ni pé ipò ìfọ̀ yìí kò tíì dájú, kí dókítà gbé ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò. Ní 2023, ní Jàpáànì tí wọ́n ti ń lò ó jù, wọ́n fi àwọn tí a kọ́kọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn wé àwọn tí a kọ́kọ́ fún ní èròjà agbèjà-ara tí a fà láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ikú kò yàtọ̀ lọ́nà tó ṣe gúnmọ́. Àwọn tí a fọ ẹ̀jẹ̀ wọn pẹ́ ní ilé ìwòsàn jù, owó wọn sì pọ̀ jù.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ̀rọ ń bèèrè. Ẹni tó wọn kílò 60 ní nǹkan bíi lítà méjì àbọ̀ omi ẹ̀jẹ̀. Ẹ rò pé garawa omi oníyọ̀ ni. Ẹ ń bù ú jáde níhìn-ín, ẹ ń da omi tí kò níyọ̀ sí i lọ́hùn-ún, títí èyí tí ẹ dà sí i á fi tó garawa kan. Ṣé iyọ̀ ti tán? Ó ṣẹ́ ku 37 nínú 100, nítorí pé omi tuntun ń jáde pẹ̀lú àtijọ́. Ní ti ara, èyí tó sá pamọ́ sínú ẹran tún ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ lóru. Ìdí nìyẹn tí ìfọ̀ kan kò fi ń tó, tí wọ́n fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Omi ẹ̀jẹ̀ tuntun náà kò ti inú kànga wá. Àpò kan tí a rí lára ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kò ju mìlílítà 200 sí 250 lọ. Fún ìfọ̀ kan ṣoṣo, a ń wá ènìyàn 10 sí 12. Fún ìfọ̀ mẹ́ta, ó ju 30 lọ. Ẹ wo ìlà ìjókòó mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngán yìí: gbogbo yín, fún aláìsàn kan. Wọ́n lè lo èròjà omi ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ albumin dípò rẹ̀, àmọ́ ara ènìyàn náà ni wọ́n ti ń fa ìyẹn, ó sì wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti rọ́bà tó nípọn bọ iṣan ńlá ní ọrùn tàbí itan ẹni tí awọ kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà tí kòkòrò àrùn ń wá nìyẹn. Kòkòrò àrùn tó wọ ẹ̀jẹ̀ ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn yìí.

6. Lórí ibùsùn

Mo máa sáré gba ibí kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tí awọ rẹ̀ ṣí dà bí ẹni tí iná jó: omi ń jò lára rẹ̀, òtútù ń mú un nínú ooru Sèmè. A fún Ìyá Ẹlẹ́kọ ní omi sí iṣan, a mú kí yàrá móoru, a yéé fi pálásítà kan ara rẹ̀. Ní Íńdíà, wọ́n ń tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti sè mọ́ sábẹ́ ẹni tí iná jó, nítorí pé kì í lẹ̀ mọ́ egbò. A ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sùn lóru ọjọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kéékèèké ṣọ́ jù lọ. Láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti pe dókítà ojú, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ léraléra, kí ìpéǹpéjú má baà so mọ́ ẹyinjú. Ojú òsì Ìyá Ẹlẹ́kọ so mọ́ra kí wọ́n tó gbé e dé. Títí di òní, omijé kò sí níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ń gún un.

A kò fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Oògùn inú etí ìró ni a gbà lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Ìfọ̀ tí a ṣe fún un nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, awọ kò bó mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, awọ tuntun ti bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó pọ́n bí ti ọmọ ọwọ́.

7. Orúkọ oògùn

Ohun tó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí Sèmè-Kpodji, tí n kò fi gbé e lọ síbòmíràn, kù. A kò lè dá oògùn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ dúró. Orí ọ̀nà Àgbádárìgì sí Kútọnu la wà. Oògùn ń gba ibí wá láti Èkó pẹ̀lú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá èyí tó ní ìwé Faransé pàdé, àwọn méjèèjì á wọ inú igbá kan náà, wọ́n á pàdánù páálí wọn, sísọ́ọ̀sì á sì gé orúkọ wọn sí méjì.

Ìlú wa kò káwọ́ gbera. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, Kútọnu ni Jacques Chirac, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, ti dúró pe gbogbo ayé láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba ya bo Adjégounlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dantokpa, ọjà oògùn tí gbogbo ìhà yìí mọ̀. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ogun ayédèrú nìyẹn, mo sì ti sọ fún yín pé oògùn gidi ń bó ènìyàn láwọ. Igbá tó kúrò ní Adjégounlè ṣì ń gba ìta wa kọjá ní àárọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé e, mo rí ẹ̀yin méjì nínú gbọ̀ngán, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ìjà kọ́ ni mo bá yín wá. Bí ẹ bá tilẹ̀ kọ̀ láti fi í sílẹ̀ lónìí, ẹ má ṣe gé orúkọ kúrò lára káàdì mọ́. Èyí tí ẹ gé dànù ni èmi ń wá káàkiri lóru nígbà tí ènìyàn ń bó lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ti padà sídìí ẹ̀kọ. Ó máa ń dé fìlà eléteetí nítorí ojú òsì yẹn. Nínú àpò owó rẹ̀, ìwé kékeré kan wà tí mo fi bírò pupa kọ, tí ọmọ rẹ̀ sì fi sínú ọ̀rá. Èdè mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, Faransé, Yorùbá àti Gun: orúkọ rẹ̀, ọdún tó ṣẹlẹ̀, cotrimoxazole àti gbogbo ìdílé súlífà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un láé. Mo kọ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ó mú un jáde ní fámásì kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níbẹ̀ kà á, ó dá ohun tó ti mú sílẹ̀ padà sórí pẹpẹ, ó sì mú òmíràn.

Àwọn ọmọ iléèwé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní irú ìwé náà lọ́wọ́, èyí tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Ẹni tí oògùn kankan bá ti gbòdì lára rẹ̀ rí, kó dúró lọ́dọ̀ wọn. Bírò wà. Bí ẹ kò bá rántí orúkọ oògùn náà, ẹ mú káàdì rẹ̀ wá lọ́la, kódà bó jẹ́ ìdajì. N óò wà níbí láti aago mẹ́jọ.